Bí a ṣe ń fi ìró pa ìró: dídín ariwo títì kù níbi ìjókòó kan lórí bákónì l'Ékòó

Ilé tó bá kọjú sí Ìkòròdú Road, láti Fádéyí títí dé Ọbaníkòró, kì í gbọ́ ariwo kan ṣoṣo. Fèrè dáńfó ń ké bí agogo, kọ̀ńdọ́ ń pèrò, táyà ń ha lórí ọ̀dà. Lábẹ́ gbogbo wọn ni ìró kan wà tó ń kùn bíi gbẹ̀du láìsinmi: ẹ́ńjìnnì àti sàláńsà tírélà, tánkà àti bọ́ọ̀sì BRT. Ìró ìsàlẹ̀ yìí ló ń gba ara ògiri wọlé, òun ló ń mi gíláàsì fèrèsé, òun náà ni kì í lọ bọ̀rọ̀ lóru. Òfin ìrìnnà Ìpínlẹ̀ Èkó ní kí tírélà má rìn nígboro láti aago 6 àárọ̀ sí aago 9 alẹ́, yàtọ̀ sí tánkà epo. Nítorí náà, ìgbà tí ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àga jáde láti gba atẹ́gùn ni gbẹ̀du ń wọlé dé.

Gbẹ̀du yẹn nìkan ni iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣàlàyé yìí wà fún. Kò lè pa agogo. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ ta ẹ̀rọ kan fún yín tí gbogbo àgbàlá yóò fi dákẹ́ rọ́rọ́, owó yín ló ń wá. Àmọ́ ìjókòó kan, àga kan tí kò yẹ̀ lójú kan, orí èèyàn kan: ìyẹn ṣeé ṣe, àwọn ohun èlò rẹ̀ kò sì kọjá ohun tí ẹni tó mọ̀ ọ́n fi sódà jó wáyà lè tò pọ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú afẹ́fẹ́

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè é ní active noise control. Ìró kì í ṣe nǹkan mìíràn ju afẹ́fẹ́ tó ń sún síwájú, tó tún ń fà sẹ́yìn. Tí ìró tírélà bá ń ti afẹ́fẹ́ sí etí yín, tí sípíkà kan sì ń fa afẹ́fẹ́ yẹn padà ní ìwọ̀n kan náà lásìkò kan náà, méjèèjì á jẹ ara wọn tán. Paul Lueg, ará Jámánì, ti gba ìwé-àṣẹ lórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà láti 1936, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ ìṣirò tó yára tó nígbà náà.

Àsìkò ni gbogbo rẹ̀ dúró lé lórí. (Hz ni iye ìgbà tí ìró ń mì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, dB ni òṣùwọ̀n bí ìró ṣe pariwo tó.) Tí sípíkà bá fi mílísẹ́kọ́ǹdì 1 péré pẹ́, ìró 100 Hz á dín kù ní nǹkan bíi 4 dB, kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìró 200 Hz, pẹ̀lú ìpẹ́ kan náà, á tilẹ̀ pọ̀ sí i ni. Ibi tí ìgbì méjì bá ti jẹ ara wọn, ibòmíràn wà nítòsí tí wọ́n ti ń ran ara wọn lọ́wọ́, ìdí sì nìyẹn tí a kò fi lè to sípíkà sórí fẹ́ńsì kí gbogbo ilé dákẹ́.

Ẹ wo ìwọ̀n rẹ̀. Nígbà tí ooru bá tó 30°C, ìró ń sáré mítà 349 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìgbì 80 Hz á gùn tó mítà 4.4, ti 250 Hz á jẹ́ mítà 1.4, ti 1000 Hz kò ju sẹ̀ǹtímítà 35 lọ. Àyíká tí ariwo ti máa fi 10 dB rẹlẹ̀, tó fi dà bíi pé ó dín kù sí ìdajì létí, kì í sábà fẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìgbì náà lọ: sẹ̀ǹtímítà 44 fún 80 Hz, 14 fún 250 Hz, sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta àbọ̀ fún 1000 Hz. Orí èèyàn fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15. Ẹ ti rí ibi tí ààlà wà. Láti 60 Hz dé 250 Hz ni kí ẹ fi ojú sùn, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀.

Inú ààlà yẹn gan-an ni ẹ́ńjìnnì ń gbé. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì onísìlíńdà 6 tó ń yí ìgbà 1200 ní ìṣẹ́jú kan ń jóná ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, 60 Hz nìyẹn. Dáńfó onísìlíńdà 4 tó ń yí ìgbà 2400 wà ní 80 Hz. Ìró táyà lórí ọ̀dà, ní tirẹ̀, pọ̀ jù ní agbègbè 1000 Hz. Ògiri àti pákó la fi ń dí ìyẹn.

Àwọn olùwádìí ní Nanyang Technological University ní Singapore gbé iṣẹ́ kan jáde ní 2020: wọ́n to sípíkà kéékèèké 24 sójú fèrèsé kan tó ṣí sílẹ̀, wọ́n sì dín ariwo tó ń gba ibẹ̀ wọlé kù tó 10 dB. Sípíkà 24 fún fèrèsé kan, wọ́n sì kéré débi pé wọn kò lè ká ìró tó wà nísàlẹ̀ 300 Hz. Ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí ọkàn yín bá ń sọ pé ẹ fẹ́ ṣe gbogbo bákónì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ kọ́kọ́ fi pákó àti búlọ́ọ̀kù ṣe tiwọn

Ẹ má ra ẹ̀rọ kankan títí ẹ ó fi dí ohun tó ṣeé dí. Tí ẹ bá jókòó tí ẹ ṣì ń rí ọkọ̀ lójú títì, fẹ́ńsì yín kò tíì ṣe nǹkan kan fún yín. Ohun líle tó bá kàn bo ojú ọ̀nà náà mọ́lẹ̀ máa ń mú nǹkan bíi 5 dB kúrò. Ó ní láti wúwo tó kìlógíráàmù 10 lórí mítà kan níbùú-lóròó, kó má sì ní àlàfo. Búlọ́ọ̀kù oníínṣì 6 tí a rẹ́ lójú méjèèjì ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Lórí bákónì òkè, irin olódòdó tí a fi ṣe ìdènà kò dá ìró kankan dúró. Ẹ fi pákó plywood onímílímítà 18 bo inú rẹ̀ láti ilẹ̀ dé mítà 1.2, kí ẹ sì fi sílíkóònù dí gbogbo ojú ìpàdé. Géètì onírin tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ga sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 8 ń ba iṣẹ́ fẹ́ńsì tó dára jẹ́. Ẹ fi rọ́bà fífẹ̀ kọ́ ọ nísàlẹ̀.

Páálí ẹyin kò wúlò níbí. Kò wúwo, kò sì ki, gbẹ̀du á gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹni gba ilẹ̀kùn tó ṣí. Òdòdó tí a gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ńsì náà ń tu ojú nìkan ni.

Ẹ yẹ ibẹ̀ wò kí ẹ tó náwó sí i

Máìkì méjì ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Máìkì ìta wà lórí fẹ́ńsì, òun ló ń gbọ́ ariwo kó tó dé. Máìkì etí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ẹni tó jókòó, òun ló ń sọ ohun tó ṣẹ́ kù. Tí ohun tí máìkì ìta gbọ́ kò bá jọ ohun tó padà dé etí, ẹ̀rọ kò ní nǹkan tó máa fi ṣiṣẹ́. Ìjọra yìí ṣeé wọ̀n, iye rẹ̀ sì wà láti 0 dé 1. Coherence ni orúkọ rẹ̀ nínú ẹ̀rọ ìṣirò.

Ẹ so máìkì méjèèjì mọ́ ẹ̀rọ kan náà, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, kí ẹ gba ohùn sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 ní àsìkò tí ariwo náà ń dà yín láàmú gan-an. Lórí kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ `scipy.signal.coherence` nínú Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, á fún yín ní iye náà fún Hz kọ̀ọ̀kan. Òfin rẹ̀ kò ṣeé yí: tí coherence bá jẹ́ 0.5, ìdínkù kò lè kọjá 3 dB. Tó bá jẹ́ 0.8, 7 dB. Tó bá jẹ́ 0.9, 10 dB. Kò sí ẹ̀rọ tàbí owó tó lè gbé yín kọjá iye yìí. Tí ẹ bá rí ohun tó kéré sí 0.7 láàárín 60 sí 250 Hz, ẹ wá ìdí rẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.

Atẹ́gùn ló sábà máa ń fà á. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ lu máìkì ń dún ní ìsàlẹ̀ gan-an níbi tí gbẹ̀du wà, ti máìkì kan kò sì jọ ti èkejì. Fóòmù róbótó tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 9 ní láti bo máìkì ìta. Èyí tín-ín-rín tí wọ́n ń fi bo máìkì ọlọ́rùn kò tó. Ìdí kejì ni ariwo tó ń gba ibòmíràn wá. Tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá ń kùn lẹ́yìn ilé, máìkì ojú títì kò lè gbọ́ ọ ṣáájú yín. Ìdí kẹta ni gígùn títì fúnra rẹ̀. Ọkọ̀ tó wà níwájú ilé gan-an kọ́kọ́ ń kọjá lára máìkì ìta, ṣùgbọ́n èyí tó ṣì wà lọ́ọ̀ọ́kán lápá ọ̀tún tàbí òsì ń wọlé ní ẹ̀gbẹ́. Máìkì ìta méjì tó jìnnà síra ní mítà 4 lórí fẹ́ńsì máa ń tún èyí ṣe dé àyè kan.

Ilé tó wà ní orígun títì méjì kì í sábà yege níbí. Ẹni tó bá ń gbé irú ibẹ̀, kó fi owó rẹ̀ ra fèrèsé tó ki.

Ohun tí ẹ máa rà

Ẹ̀rọ ìṣirò rẹ̀ ni Teensy 4.1 kan, ìyẹn pátákó kọ̀ǹpútà kékeré, pẹ̀lú Audio Shield méjì, pátákó tó ń gba ohùn wọlé tó ń gbé e jáde. Shield kan ń gba ohùn méjì wọlé, ó ń gbé méjì jáde. Pẹ̀lú méjì, ẹ ní mẹ́rin wọlé: máìkì ìta méjì, máìkì etí méjì. Shield kejì ní láti ní àdírẹ́sì tirẹ̀. Ẹ yí ojú ìsopọ̀ tó wà lára rẹ̀ padà. Pin (ẹsẹ̀ ìsopọ̀ Teensy) 8 àti pin 6 ni ohùn ń gbà wọlé, pin 7 àti 32 ni wọ́n ń gbà jáde.

Máìkì mẹ́rin, irú electret tó wà lórí pátákó MAX4466. Ẹ ṣọ́ra níbí, nítorí MAX9814 jọ ọ́, wọ́n sì sábà ń tà á nítòsí rẹ̀ ní Alábà àti ní Computer Village. MAX9814 ń dá ohùn gbé sókè gbé sílẹ̀ fúnra rẹ̀: nígbà tí tírélà bá dé, ó ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń kọ́ nípa ìwọ̀n ìró kò lè fi irọ́ kọ́ ẹ̀kọ́. Ẹ yí bọ́tìnnì kékeré ẹ̀yìn MAX4466 sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ìlọ́po 25, kí fèrè tírélà má baà gé ohùn lórí. Nínú ètò, ẹ kọ `lineInLevel(0)`, èyí tó gba fólítì (V) 3.12 láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Sípíkà ọkọ̀ oníínṣì mẹ́fà àbọ̀ méjì, 4 ohm, èyí tí ìṣe rẹ̀ jẹ́ báàsì. Ampilifáyà TPA3116 oníhò méjì. Bátìrì 12 V tó tó 18 Ah, àti ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ 12 V di 5 V fún Teensy. Gbogbo rẹ̀ ń jẹ nǹkan bí ámpìà kan, nítorí náà ìdajì bátìrì á gbé e fún wákàtí 9. Bátìrì nìkan ni kí ẹ fi ṣiṣẹ́. Ẹ má fi ṣájà sí i nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, torí iná ìjọba àti jẹnẹrétọ̀ ń rán ìkùn 50 Hz sínú wáyà máìkì, ẹ̀rọ á sì máa lé ohun tí kò sí nínú afẹ́fẹ́.

Ẹ má ra sípíkà Bluetooth, bó ti wù kó dún dáadáa tó. Ìpẹ́ rẹ̀ sábà máa ń kọjá mílísẹ́kọ́ǹdì 100. Kí ó tó sọ̀rọ̀, tírélà ti kọjá.

Àpótí àti ìjókòó

Ẹ fún gbẹ́nàgbẹ́nà ní ìwọ̀n yìí fún àpótí kọ̀ọ̀kan, plywood onímílímítà 18: méjì tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 28.6 sí 28.6 fún iwájú àti ẹ̀yìn, méjì tó jẹ́ 28.6 sí 20 fún òkè àti ìsàlẹ̀, méjì tó jẹ́ 25 sí 20 fún ẹ̀gbẹ́. Inú rẹ̀ á gba lítà 12 àbọ̀. Ihò sípíkà, ẹ wọn ti sípíkà tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ má gba ìwọ̀n ẹlòmíràn. Gọ́ọ̀mù àti ìṣó ní gbogbo igun, sílíkóònù níbi tí wáyà ti jáde, òwú bíi gíráàmù 200 nínú. Láti mọ̀ bóyá ó dí, ẹ rọra fi ìka méjì ti ojú sípíkà wọlé. Tó bá padà wá díẹ̀díẹ̀, ó dí. Tó bá fò padà lójijì, afẹ́fẹ́ ń jò níbì kan. Àpótí tó ń jò kò lè gbé 60 Hz, ibẹ̀ sì ni gbogbo iṣẹ́ wà.

Àga tó ga lẹ́yìn, tó sì wúwo, ni kí ẹ lò. Àga tó ń mì kò dáa. Sípíkà méjèèjì á dúró lẹ́yìn èjìká, apá ọ̀tún àti òsì, kí ojú wọn jìnnà sí etí ní sẹ̀ǹtímítà 30. Máìkì etí kọ̀ọ̀kan á wà lórí apá kékeré tó ti ibi ìgbórílé yọ, sẹ̀ǹtímítà 5 sí etí. Ẹ má gbé sípíkà jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Sípíkà tó wà nítòsí kò nílò agbára púpọ̀, ìró rẹ̀ á sì ti fi 20 dB rẹlẹ̀ kó tó dé mítà 3, tí aládùúgbò kò fi ní mọ̀ pé ẹ ń ṣe nǹkan kan. Àǹfààní mìíràn tún wà. Láti ìdájí tí ooru wà ní 24°C dé ọ̀sán tó ti di 34°C, eré ìró ń yí padà ní nǹkan bí ìdá 1.7 nínú ọgọ́rùn-ún. Lórí sẹ̀ǹtímítà 30 èyí kò tó nǹkan rárá, nítorí náà ohun tí ẹ̀rọ kọ́ nípa sípíkà rẹ̀ lówùúrọ̀ ṣì jẹ́ òótọ́ lọ́sàn-án.

Máìkì ìta lọ sórí fẹ́ńsì, lórí òpó kékeré tó fi sẹ̀ǹtímítà 50 yọ sókè. Jíjìnnà rẹ̀ sí àga ni ẹ̀mí iṣẹ́ yìí. Ìró gbọ́dọ̀ dé etí lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti ṣírò, tí sípíkà sì ti sọ̀rọ̀. Pẹ̀lú ètò tí a ṣàlàyé nísàlẹ̀, ìdádúró gbogbo ẹ̀rọ máa ń wà ní nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ǹdì 5 sí 6, ìyẹn mítà 2 nínú ìrìn ìró. Fún ọkọ̀ tó ń bọ̀ ní ẹ̀gbẹ́, ní igun 60°, ìdajì jíjìnnà yẹn nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà mítà 4 ni ó kéré jù, mítà 6 ló dára, èyí tó ń fún yín ní mílísẹ́kọ́ǹdì 17 fún ọkọ̀ tó wà níwájú gan-an. Ilé tí bákónì rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan títì, bíi ti ọ̀pọ̀ òpópó tóóró ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kò ní àyè yìí, a kò sì lè fi ètò tó dára rọ́pò mítà tí kò sí. Wáyà oníàwọ̀n ni kí ẹ fi so máìkì ìta, kí pátákó MAX4466 wà lọ́dọ̀ máìkì gan-an, kì í ṣe lọ́dọ̀ Teensy.

Ètò inú Teensy

FxLMS ni orúkọ ọ̀nà ìṣirò náà. Ó ń mú ohun tí máìkì ìta gbọ́, ó ń gba inú fílítà kan kọjá, ó ń gbé e fún sípíkà. Lẹ́yìn náà ó ń wo máìkì etí, ó sì ń tún fílítà náà ṣe díẹ̀díẹ̀ títí ohun tó kù létí yóò fi kéré jù.

Ẹ yí `AUDIO_BLOCK_SAMPLES`, iye ẹyọ ohùn tí Teensy ń kó lẹ́ẹ̀kan, láti 128 sí 16. Ní 44,100 ìgbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, 128 ń mú ìdádúró mílísẹ́kọ́ǹdì 2.9 wá nígbà kọ̀ọ̀kan. 16 ń mú 0.36 wá. Ẹ fi fílítà 500 Hz onípele mẹ́rin gé ìró òkè kúrò lórí gbogbo ohùn tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde (ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ǹdì 0.8), kí ẹ wá máa mú ẹyọ kan nínú 16. Ìṣirò á máa ṣẹlẹ̀ ní ìgbà 2756 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn sì tó. Fílítà pàtàkì ní nọ́ḿbà 256 nínú, àwòrán ọ̀nà sípíkà sí etí (ìyẹn bí ìró ṣe ń yí padà láti sípíkà dé máìkì etí) ní 64. Ẹ gé gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ 50 Hz kúrò nínú ohùn tó ń jáde, torí sípíkà oníínṣì mẹ́fà àbọ̀ á kàn máa fò lásán nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹyọ kan: máìkì ìta kan, sípíkà kan, etí kan. Ìgbà tí ìyẹn bá dúró sójú kan ni kí ẹ fi èkejì kún un. Sípíkà méjì àti etí méjì túmọ̀ sí ọ̀nà mẹ́rin, torí sípíkà ọ̀tún ń dé etí òsì pẹ̀lú. Ẹni tó bá fi ẹ̀rọ kan sí ọ̀tún, òmíràn sí òsì, láìjẹ́ kí wọ́n mọ ara wọn, á rí i pé wọ́n ń bá ara wọn jà.

Kíkọ́ ẹ̀rọ ní ọ̀nà sípíkà sí etí ni ìgbésẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ń kánjú ṣe, ibẹ̀ sì ni ìwà ẹ̀rọ ti ń bàjẹ́. Ẹ yan ìdájí ọjọ́ Àìkú, kí èèyàn jókòó sórí àga, kó má mira. Ẹ jẹ́ kí sípíkà kan máa hó ṣùrù bí òjò fún ìṣẹ́jú kan, ní 70 sí 75 dB létí, kí LMS lásán (irú ìṣirò FxLMS tó rọrùn jù) kọ́ àwòrán rẹ̀. Lẹ́yìn náà, sípíkà kejì. Ohun tó ṣẹ́ kù tí àwòrán kò lè ṣàlàyé gbọ́dọ̀ fi 15 dB kéré sí ohun tí máìkì etí gbọ́. Tí àwòrán náà bá fi ju 90° ṣì lórí Hz kan, ẹ̀rọ á máa sọ ariwo yẹn di púpọ̀ dípò kó dín in kù, kò sì ní dúró. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọ́ ọ, ẹ fi ọ̀dà sàmì sí bọ́tìnnì ampilifáyà, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án mọ́, pàápàá èyí tó ń yí báàsì àti tẹ́rébù.

Fún ìwọ̀n ìgbésẹ̀ μ, ìyẹn bí ẹ̀rọ ṣe ń yára kọ́ tó, ẹ lo irú èyí tó ń pín ara rẹ̀ fún agbára ohùn tó ń wọlé, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 0.0005. Ẹ máa sọ ọ́ di ìlọ́po méjì ní gbogbo ìṣẹ́jú-àáyá 30 títí ẹ ó fi gbọ́ tí sípíkà ń gbọ̀n, kí ẹ wá padà sí ìdá kan nínú mẹ́rin iye yẹn. Ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi 0.9999 sọ gbogbo iye inú fílítà di púpọ̀, kí ohun tó ti kọ́ lọ́nà òdì lè máa rọra jò dànù. Ohun méjì tún wà tí a kò gbọdọ̀ fojú fò. Nígbà tí fèrè bá bú gbàù lójijì, ẹ jẹ́ kí ẹ̀kọ́ dúró títí yóò fi kọjá; ohùn ṣì lè máa jáde, ṣùgbọ́n kó má kọ́ nǹkan kan. Tí máìkì etí bá sì gbọ́ ohun tó fi 6 dB ju bó ṣe rí kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀, fún ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá, kí sípíkà pa ẹnu mọ́ fúnra rẹ̀. Etí èèyàn wà ní sẹ̀ǹtímítà 30 sí i.

Tí kò bá ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ

Tó bá ń hu bíi máìkì ìta gbangba, sípíkà ń dé ọ̀dọ̀ máìkì ìta. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí sípíkà hó ṣùrù, kí ẹ wo iye tí máìkì ìta gbọ́: ó gbọ́dọ̀ fi 15 dB kéré sí ìró títì. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ gbé máìkì lọ sí ẹ̀yìn fẹ́ńsì, apá títì. Tó bá ṣiṣẹ́ fún tírélà níwájú ilé ṣùgbọ́n tó kọ̀ fún èyí tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, jíjìnnà kò tó tàbí máìkì ìta kan kò tó. Tó bá dára lálẹ́ tó sì burú nígbà tí atẹ́gùn òkun bá ń fẹ́, fóòmù ni kí ẹ yẹ̀ wò. Tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ sí lu páànù, ẹ kúkú pa á, torí ibi gbogbo ni ìró òjò ti ń wá.

Tí etí kan bá dákẹ́ tí èkejì kò dákẹ́, ẹ wo bóyá àga ti yẹ̀ tàbí ẹni tó jókòó ga ju ẹni tí a fi kọ́ ẹ̀rọ lọ. Tí bàbá bá máa jókòó lálẹ́ tí màmá sì máa jókòó lọ́sàn-án, ẹ kọ́ ọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi bọ́tìnnì kan yan àwòrán tirẹ̀.

Mímọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́ lóòótọ́

Ẹ má gba ẹ̀rí máìkì etí gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ibi tí máìkì yẹn wà ni ẹ̀rọ ń tún ṣe, nítorí náà òun ló máa ń rí i tó dára jù. Ẹ mú máìkì mìíràn, kí ẹ gbé e sí ẹnu ihò etí ẹni tó jókòó gan-an. Ẹ tan ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú kan, ẹ pa á fún ìṣẹ́jú kan, ìgbà mẹ́wàá, torí ọkọ̀ kì í kọjá bákan náà nígbà méjì. Ẹ wá fi àpapọ̀ títàn wé àpapọ̀ pípa ní 63, 80, 100, 125, 160, 200 àti 250 Hz.

Ètò orí fóònù tó ń kọ dB(A) á já yín kulẹ̀. Ìwọ̀n A ń yọ 26 dB kúrò lára 63 Hz, 16 kúrò lára 125 Hz, kó tó ka iye. Gbẹ̀du lè ti lọ tán kí nọ́ḿbà náà má yẹ̀ rárá, nítorí pé agogo ló ń kà. Ẹ lo dB(C), tàbí kí ẹ wo Hz kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tí coherence bá wà ní 0.9, tí ẹ sì rí 6 sí 8 dB láàárín 63 àti 160 Hz, iṣẹ́ náà dára, ẹ má fi agbára wá 10. Lókè 400 Hz, kí títàn àti pípa dọ́gba. Tí títàn bá pọ̀ ju pípa lọ níbẹ̀, fílítà 500 Hz yín lẹ́nu ọ̀nà ìjáde kò ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn èyí, ìtọ́jú rẹ̀ kò pọ̀. Afẹ́fẹ́ iyọ̀ ń jẹ máìkì, pàápàá lápá Erékùṣù Èkó. Ẹ yẹ wọ́n wò lóṣooṣù, kí ẹ pààrọ̀ èyí tí ohùn rẹ̀ bá ti fi 3 dB yàtọ̀ sí ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Fóòmù ìta á gbó láàárín ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò kan. Tó bá ti ń rún wẹ́wẹ́ lọ́wọ́, òmíràn ló kù. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá sì pààrọ̀ máìkì, sípíkà tàbí àga, ẹ padà sí ìdájí ọjọ́ Àìkú, kí ẹ kọ́ ọ̀nà sípíkà sí etí láti ìbẹ̀rẹ̀.